Òkúta ba gíláàsì iwájú ọkọ̀ mi: ṣé kí n tún un ṣe ni, àbí kí n pààrọ̀ rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Mò ń ti Ìbàdàn lọ sí Èkó lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó kọjá, mo sún mọ́ típà kan lẹ́yìn, òkúta kékeré kan sì ta láti abẹ́ táyà rẹ̀, ó ba gíláàsì iwájú ọkọ̀ mi. Kò sán o. Ojú kan bí hóró ẹ̀wà ló wà níbẹ̀, lápá ibi tí èrò iwájú ń jókòó sí, ó sì jìnnà sí etí tó àtẹ́lẹwọ́ kan àbọ̀. Mẹkáníìkì mi ní kí n kán súpá-gulù sí i. Bọ̀dá kan ládùúgbò ní kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú, kí n yọ gbogbo rẹ̀ kí n fi tòkunbọ̀ mìíràn sí i. Àbúrò mi tó wà ní London ní wọ́n máa ń tún irú rẹ̀ ṣe ni, pé kì í ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Òjò ti pa á lẹ́ẹ̀mejì báyìí. Toyota Corolla 2008 ni ọkọ̀ náà. Èwo ni kí n ṣe nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ewu ọ̀nà, mà. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí a rí èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àbúrò yín ló sọ òótọ́. Ẹ má kán súpá-gulù sí i, ẹ má sì tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀bẹ gé gíláàsì yẹn kúrò lójú rẹ̀. Ojú-àpá tó mọ ní hóró ẹ̀wà, tí kò sí níwájú awakọ̀, tí kò sì sún mọ́ etí, ohun tí à ń tún ṣe ni. Àmọ́ ọjọ́ ń lọ. Lọ́dún mọ́kàndínlógún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ gíláàsì ọkọ̀, gíláàsì tí òkúta fúnra rẹ̀ pa kò tó nǹkan lójú mi. Àwọn ọjọ́ tó tẹ̀lé òkúta ló ń pa wọ́n: omi, eruku, AC, kòtò ojú ọ̀nà, àti ọwọ́ àwa èèyàn.

Nítorí náà, kí ẹ tó ka ìyókù, ẹ wá sẹ́lótépù, èyí tó mọ́ gaara tí èèyàn lè rí òdìkejì rẹ̀. Bí ojú náà bá ti gbẹ, ẹ gé èyí tó tóbi tó èékánná àtàǹpàkò, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn láti ìta. Ẹ má fi omi ọṣẹ nù ún, ẹ má fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá ṣì tutù, ẹ gbé ọkọ̀ sábẹ́ òrùlé tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, kó fi ara rẹ̀ gbẹ, kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́. Ẹ má mú áyẹ́ọ̀nù tàbí iná ṣáná sún mọ́ ọn nítorí pé ẹ fẹ́ kó tètè gbẹ. Sẹ́lótépù yẹn kò tún nǹkan kan ṣe, ó kàn ń dènà kí ìdọ̀tí àti omi tó kù má ráyè wọlé ni. Èmi tí n óo tún un ṣe mọ ìyàtọ̀ láàárín ojú-àpá tí wọ́n bò àti èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ gbayawu fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ti àkọ́kọ́ máa ń pòórá fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ti èkejì máa ń fi àmì pupa rúsúrúsú sílẹ̀, àwọ̀ erùpẹ̀ ilẹ̀ wa.

Ó yẹ kí ẹ mọ irú ohun tí òkúta náà bà. Gíláàsì iwájú kì í ṣe ẹyọ kan. Méjì ni wọ́n, ìkọ̀ọ̀kan nípọn tó bíi mìlímítà méjì, wọ́n sì tẹ́ ike kan tó rọ̀ bíi rọ́bà, tí kò nípọn tó mìlímítà kan, sáàárín wọn, wọ́n wá fi ooru àti agbára tẹ gbogbo rẹ̀ pọ̀, bí ẹni fi ẹyin díndín sáàárín búrẹ́dì méjì. Ará Faransé kan, Édouard Bénédictus, ló bẹ̀rẹ̀ ọgbọ́n yìí. Lọ́dún 1903, ìgò kan já bọ́ níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ kẹ́míkà, ó fọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àfọ́kù rẹ̀ kò fọ́n ká, nítorí pé èròjà kan tó ti gbẹ mọ́ ìgò náà nínú ló dì wọ́n mú. Ní 1909 ló gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí gíláàsì tó fi ọgbọ́n náà ṣe. Àǹfààní rẹ̀ lẹ jẹ lọ́jọ́ Mọ́ńdè yẹn. Gíláàsì ìta nìkan ló gba òkúta, ike àárín sì gbà á dúró, gíláàsì inú kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀, kò sì sí àfọ́kù kankan tó ta sí yín lójú.

Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín. Ẹ jókòó sínú ọkọ̀, kí ẹ fi èékánná fà á lórí ibẹ̀ láti inú. Bí ó bá ń yọ̀ gẹrẹrẹ bí ibòmíràn, ti ìta nìkan ló bàjẹ́. Bí èékánná bá kọ́ nǹkan, ó ti wọ inú, àtúnṣe kò sí fún ìyẹn mọ́, pípààrọ̀ ni.

Gíláàsì ilẹ̀kùn yàtọ̀ pátápátá, mo sì ń sọ ọ́ nítorí àwọn tó máa ń gbé e wá bá mi pé kí n bá àwọn kán òògùn sí i. Wọ́n máa ń fi iná mú ìyẹn gbóná janjan ni, kí wọ́n tó fi atẹ́gùn tutù fẹ́ ẹ lójijì kí ó lè le. Ọjọ́ tó bá máa fọ́, wẹ́wẹ́ ló ń fọ́, bí iyọ̀ hóró. Ẹ wo igun ìsàlẹ̀ àwọn gíláàsì yín, lẹ́tà kéékèèké wà níbẹ̀. Ẹ ó rí AS1 tàbí LAMINATED lára ti iwájú, ẹ ó sì rí TEMPERED lára púpọ̀ nínú ti ẹ̀gbẹ́ àti ti ẹ̀yìn. Èyí tó bá kọ TEMPERED kò ní àtúnṣe.

Ẹ padà síbi ojú-àpá yín. Ẹ sún mọ́ ọn dáadáa, kí ẹ wò ó ní ìdajì ẹsẹ̀ bàtà. Èyí tó rí roboto, tó dúdú láàárín bí ìgbà tí ẹyọ owó kọ́bọ̀ rì sínú omi, òun ló rọrùn jù láti tún ṣe. Òmíràn rí bí ìlàjì òṣùpá. Òmíràn ní ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ tó na síwá sẹ́yìn, aláǹtakùn ni èmi máa ń pè é, òun ni ọkàn mi kì í balẹ̀ sí. Àwọn kan sì wà tó da méjèèjì pọ̀, roboto láàárín, ẹsẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Dúdú tàbí fàdákà tí ẹ ń rí nínú rẹ̀ kì í ṣe ìdọ̀tí o. Atẹ́gùn ni. Gíláàsì ti ya díẹ̀ níbẹ̀, atẹ́gùn wọ àlàfo náà, ìmọ́lẹ̀ kò sì lè kọjá tààrà mọ́. Gbogbo iṣẹ́ tí à ń ṣe, kò ju pé kí a fa atẹ́gùn yẹn jáde, kí a fi òògùn tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá bíi ti gíláàsì rọ́pò rẹ̀, kí òògùn náà sì gan, kó di ẹ̀yà ara gíláàsì. Rẹ́sìn ni wọ́n ń pe òògùn náà.

Kí ló dé tí ojú kékeré á fi wà lónìí, tí ìlà gígùn á fi wà lọ́la? Ẹ rántí bí a ṣe ń mu píọ̀ wọ́tà. Ọ̀rá yẹn le, ẹ lè fà á títí kó má ya. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti fi eyín gé e díẹ̀ létí, ìyókù á tẹ̀lé e wẹ́rẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ṣóńṣó ẹsẹ̀ aláǹtakùn inú gíláàsì ṣe rí. Gbogbo agbára tó bá ń fa gíláàsì síhìn-ín sọ́hùn-ún, ṣóńṣó yẹn ló ń kó jọ sí.

Ibi tí agbára náà sì ti ń wá, ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹ gbé ọkọ̀ sóòrùn ní Dùgbẹ̀ láti àárọ̀ títí di aago méjì ọ̀sán, ẹ kò ní lè fọwọ́ lé gíláàsì yẹn. Ẹ wọlé, ẹ ti fèrèsé, ẹ tan AC dé òpin, ẹ sì darí rẹ̀ sókè sí gíláàsì. Inú ń súnkì, ìta ṣì wú síbẹ̀, méjèèjì sì lẹ̀ mọ́ ara wọn. Ẹ ó kàn gbọ́ “táá”. Ìlà á ti ojú-àpá yẹn sáré lọ sí etí, ẹ ó máa wò ó. Àwọn ọmọ tó ń fọ ọkọ̀ náà ń ṣe irú rẹ̀, wọ́n á bu omi kànga tútù ṣàn-án sórí gíláàsì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú oòrùn dé. Nígbà ọyẹ́, bó ṣe tutù láàárọ̀ tó sì ń gbóná lọ́sàn-án, ìlọ́po ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń wọlé fún mi. Ẹ fi kòtò àti bọ́ǹpù kún un, nítorí pé bí ara ọkọ̀ bá ń lọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún, gíláàsì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn ń bá a lọ́. Kódà kí ẹ gbá ilẹ̀kùn pa gbàgà nígbà tí gbogbo fèrèsé wà ní títì, atẹ́gùn inú ọkọ̀ á ti gíláàsì síta.

Nítorí náà, títí ẹ ó fi tún un ṣe, ẹ wá ibòji gbé ọkọ̀ sí. Bí inú rẹ̀ bá gbóná, ẹ kọ́kọ́ ṣí fèrèsé kí ooru jáde, ẹ tan AC níwọ̀nba, kí ẹ sì darí rẹ̀ sí àyà yín, kí ó má fẹ́ sí gíláàsì. Ẹ sọ fún àwọn ìbejì kí wọ́n rọra máa ti ilẹ̀kùn.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ súpá-gulù. Mi ò bínú sí mẹkáníìkì yín, ohun tó mọ̀ ló sọ, ọ̀pọ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá tíṣà kan gbé Camry wá bá mi láti Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n ti kán an sí i fúnra wọn. Ẹnu ihò ni súpá-gulù ti gan, kò dé ìsàlẹ̀, gbogbo ẹsẹ̀ aláǹtakùn náà ṣì kún fún atẹ́gùn bó ṣe wà, ó sì wá funfun bí ojú tí ẹ̀fẹ́ bò. Mo fi abẹ́rẹ́ yọ ọ́ fún wákàtí kan ó lé. Ìwọ̀nba tí mo rí yọ ni mo yọ, rẹ́sìn kò sì ríbi gbà wọlé dáadáa, nítorí gulù ti dí ojú ọ̀nà. Mo sọ fún bàbá pé mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà. Kò pé oṣù kan tó fi sán dé ibi wáípà. Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé ká ní wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ ní sẹ́lótépù lásán ni, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni iṣẹ́ náà ì bá gbà. Bákan náà ni kútẹ́sì èékánná àti gọ́ọ̀mù onígi. Ojú-àpá ń gba òògùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ohun tó bá kọ́kọ́ gan sínú rẹ̀, òun ló máa wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àtúnṣe gan-an ṣe ń lọ, kí ẹ lè mọ oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ bí ẹ bá rí i.

Abẹ́ ibòji la ti ń ṣe é, gíláàsì náà á sì lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, kò gbọdọ̀ gbóná, kò gbọdọ̀ tutù. Ìyà kọ́ mi ní èyí. Ní ọdún kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, oníbàárà kan ń kánjú, mo gbà láti ṣe tirẹ̀ lẹ́bàá títì nínú oòrùn ọ̀sán. Bí mo ṣe tẹ irinṣẹ́ mọ́ ọn, ó sán lábẹ́ ọwọ́ mi, ó sì lọ títí dé etí. Mo ra gíláàsì mìíràn fún un lápò ara mi. Láti ọjọ́ náà, ẹni tí kò bá lè dúró kí ọkọ̀ rẹ̀ tutù lábẹ́ igi, mo máa ń bẹ̀ ẹ́ kó padà wá lọ́la.

Bí ooru gíláàsì bá ti rọlẹ̀, oníṣẹ́ á gbé jígí kékeré sínú ọkọ̀ lẹ́yìn ojú-àpá náà, kó lè máa rí ìsàlẹ̀ rẹ̀ láti ìta. Á fi abẹ́rẹ́ líle yọ àwọn èérún gíláàsì tó ti tú, ìwọ̀nyí tó dà bí ìyẹ̀fun funfun lẹ́nu ihò. Bí omi bá wà nínú rẹ̀, bíi tiyín tí òjò ti pa, á fi ooru díẹ̀díẹ̀ gbẹ ẹ́, kò ní kánjú, torí pé omi àti rẹ́sìn kì í bára gbé inú ihò kan. Lẹ́yìn náà, á gbé irinṣẹ́ tó ní rọ́bà afàmọ́ lé gíláàsì. Ọ̀pá kékeré kan wà láàárín rẹ̀ tó ní rọ́bà lẹ́nu, ẹnu ọ̀pá yẹn á jókòó gẹ́lẹ́ sórí ihò náà. Ẹ̀kán rẹ́sìn méjì tàbí mẹ́ta ló ń kán sínú rẹ̀.

Ibí yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ mi. Bí ẹ bá yí ìdérí ọ̀pá náà sókè, ó ń fa atẹ́gùn. Ẹ ó rí i nínú jígí bí èèhó kéékèèké ṣe ń ti inú ẹsẹ̀ aláǹtakùn náà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń gba inú rẹ́sìn gòkè. Ẹ dúró díẹ̀. Ẹ yí i sísàlẹ̀, ó ń tẹ rẹ́sìn wọlé. Ẹsẹ̀ kan á pòórá, ẹ̀ẹ́kejì á kù sí ìdajì. Ẹ tún fà á, ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Nígbà mìíràn, ẹsẹ̀ kan á ṣorí kunkun, a ó fi orí irin lílọ́wọ́ọ́rọ́ kàn án láti inú, kí rẹ́sìn lè ṣàn dé ṣóńṣó rẹ̀. Ẹni tó bá ń kánjú á dáwọ́ dúró nígbà tí ẹsẹ̀ kan bá ṣì ń tàn bí fàdákà. Ẹsẹ̀ kan yẹn ló máa sán.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti kún, a ó tan iná UV sí i láti ìta fún ìṣẹ́jú díẹ̀, òun ló ń mú rẹ́sìn gan. Láti ìta ni o, nítorí pé ike àárín gíláàsì kì í jẹ́ kí irú ìmọ́lẹ̀ yẹn kọjá. Oòrùn náà ní in, ìdí kejì nìyẹn tí a fi ń sá fún oòrùn, torí pé rẹ́sìn lè gan kó tó délé. Rẹ́sìn tó ki díẹ̀ la ń fi dí ẹnu ihò, a ó tẹ́ ọ̀rá tín-ín-rín lé e, a ó tún tan iná sí i, a ó sì fi abẹ fá a ní òró títí á fi dọ́gba pẹ̀lú gíláàsì. A ó wá fi aṣọ nù ún kó dán. Ó parí nìyẹn. Ẹ lè wa ọkọ̀ lọ lójú ẹsẹ̀.

Ṣé yóò pòórá pátá? Rárá. Ojú kékeré bí orí abẹ́rẹ́ tàbí òjìji fẹ́ẹ́rẹ́ á kù síbẹ̀. Ẹni tó bá ṣèlérí fún yín pé ẹ kò ní rí i mọ́ láéláé, ẹ ṣọ́ra fún un. Iṣẹ́ àtúnṣe ni kí ó má sán síwájú sí i, kí gíláàsì sì le padà níbẹ̀; ẹwà ló tẹ̀lé e. Tòkunbọ̀ púpọ̀ tó ń wọlé láti Amẹ́ríkà ló ti ní irú àmì yìí lára. Ẹ lọ wo tiyín dáadáa nínú oòrùn ìrọ̀lẹ́, ó ṣeé ṣe kí ẹ bá ọ̀kan tí wọ́n ti tún ṣe kí ẹ tó rà á.

Ó ní ibi tí àtúnṣe mọ. Ní Britain, níbi tí àbúrò yín wà, àyẹ̀wò ọkọ̀ MOT tí wọ́n ń ṣe lọ́dọọdún ní ìwọ̀n tó ṣe gúnmọ́. Níbi tó kọjú sí sítíàrìn gan-an, fífẹ̀ mìlímítà 290, àpá tó bá ju mìlímítà 10 lọ ń mú kí ọkọ̀ kùnà. Níbi yòókù tí wáípà ń gbá, mìlímítà 40 ni. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro: àpá tí a tún ṣe dáadáa pàápàá lè fọ́n ìmọ́lẹ̀ ọkọ̀ tó ń bọ̀ lóru ká, bó bá sì wà lójú awakọ̀, ewu ni. Ní Amẹ́ríkà, ìlànà àwọn oníṣẹ́ gíláàsì tí wọ́n ń pè ní ROLAGS gba pé kí wọ́n tún ìlà tó sán ṣe títí dé ínṣì 14. Èmi ò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ lórí ọ̀nà tiwa. Ìlà tó bá ti gùn ju ìka àárín mi lọ, tàbí tó ti kan etí, mo máa ń sọ fún olówó ọkọ̀ pé kó má fi owó rẹ̀ ṣòfò, torí kòtò tó wà láàárín ibi iṣẹ́ mi àti ilé rẹ̀ tó láti sán an. Tiyín kò sí nínú èyíkéyìí nínú wọn. Hóró ẹ̀wà kò tó mìlímítà 15, ó wà lápá èrò, ó sì jìnnà sí etí.

Kí ló dé tí mi ò fi fara mọ́ ti bọ̀dá àdúgbò, pé kí ẹ kúkú pààrọ̀ rẹ̀? Owó jẹ́ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni mo kọ́kọ́ ń rò. Gíláàsì tó wà lára Corolla yín, bó bá jẹ́ èyí tó bá a ti ilé-iṣẹ́ wá, ẹ̀rọ ló fi gọ́ọ̀mù tó tọ́ lẹ̀ ẹ́ sójú rẹ̀, ó sì wà lára ohun tó ń gbé òrùlé ọkọ̀ dúró bí ó bá takìtì. Àpò atẹ́gùn iwájú èrò, èyí tí a ń pè ní airbag, gíláàsì yẹn ló ń fẹ̀yìn tì nígbà tó bá bú jáde. Bí gíláàsì bá tú, airbag á tì í síta, kò sì ní ríbi gbá èrò mú. Mo ti rí gíláàsì tí wọ́n fi sílíkọ́ọ̀nù lásán lẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń dí ẹ̀gbẹ́ síńkì. Ọwọ́ méjì péré ni mo fi tì í, ó yọ. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ gíláàsì ló sì jẹ́ pé wọ́n gé e kúrò lára ọkọ̀ mìíràn, bóyá ó ti ní àpá tirẹ̀ tí ẹ kò rí. Ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gé ti àtijọ́ kúrò tún máa ń họ ọ̀dà ara irin, níbẹ̀ ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn ọdún méjì ẹ ó máa rí omi lórí kápẹ́ẹ̀tì.

Bí ó bá di dandan lọ́jọ́ kan kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ béèrè gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní urethane, kí ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sára rẹ̀ pé yóò bàjẹ́, kí ẹ sì bi wọ́n ní wákàtí mélòó ló yẹ kí ọkọ̀ dúró kó tó rìn. Ó wà lára ike rẹ̀. Ẹ ṣí fèrèsé díẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọkọ̀ tuntun tó ní kámẹ́rà lẹ́yìn jígí òkè nílò kí wọ́n tún kámẹ́rà náà tò, ṣùgbọ́n Corolla 2008 kò ní wàhálà yẹn.

Ní ti owó, ẹ wo ìwé adójútòfò yín. Bó bá jẹ́ tádì-pátì, èyí tí owó rẹ̀ fún ọkọ̀ adáni di 15,000 náírà láti oṣù kìíní ọdún 2023, kò kan gíláàsì tiyín, ohun tí ẹ bá bàjẹ́ fún ẹlòmíràn ló wà fún. Bó bá jẹ́ comprehensive, ẹ ka ibi tó ti mẹ́nu ba gíláàsì, ọ̀pọ̀ ló ní iye kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Ẹ pè wọ́n kí ẹ tó ṣe é, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú ẹyọ owó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí wọ́n lè mọ bó ṣe tóbi tó. Ẹ má sì gbàgbé pé bó bá sán káàkiri, ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó FRSC àti àwọn VIO nìyẹn, wọ́n ka gíláàsì iwájú tó fọ́ sí ẹ̀ṣẹ̀.

Àwọn kan á sọ fún yín pé ẹ lè ra irinṣẹ́ kékeré lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ ṣe é fúnra yín. Rẹ́sìn inú rẹ̀ kì í ṣe ayédèrú gbogbo ìgbà, mo ti rí àwọn tó fi ṣe ojú roboto kékeré tó dára. Ṣùgbọ́n èyí tí òjò ti wọ̀, bíi tiyín, mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀. Abẹ́rẹ́ oníke inú rẹ̀ kò lágbára láti fa omi àti atẹ́gùn jáde tán, bó bá sì ti gan, kò sí ẹ̀ẹ̀kejì.

Ọ̀rọ̀ típà náà kù. Òkúta tó ń ta kì í sábà jẹ́ èyí tó já bọ́ láti ẹ̀yìn típà, èyí tó há sáàárín táyà rẹ̀ tàbí tó ti wà lójú títì ló pọ̀ jù. Ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn kún fún ọkọ̀ tó ń kó òkúta láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ ọ. Ẹ jìnnà sí wọn lẹ́yìn, bó bá sì ṣeé ṣe ẹ bọ́ sí ẹsẹ̀ ọ̀nà kejì. Eré yín náà wà níbẹ̀. Bí òkúta bá wà láfẹ́fẹ́ tí ẹ sì fi 120 sá pàdé rẹ̀, agbára tó fi lu gíláàsì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti ẹni tó ń sá 90.

Tiyín wàyí. Ẹ fún un ní ọjọ́ méjì lábẹ́ òrùlé kí omi inú rẹ̀ gbẹ, pẹ̀lú sẹ́lótépù tí ẹ ó lẹ̀ mọ́ ọn nígbà tó bá gbẹ. Ẹ lọ láàárọ̀ kùtù, kí oòrùn tó mú. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́, ẹ béèrè bóyá ó ní irinṣẹ́ tó ń fa atẹ́gùn àti iná UV. Bó bá jẹ́ pé ìgò gulù nìkan ló mú jáde, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ. Ẹ jọ sọ ọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, ta ni yóò san gíláàsì bó bá sán lọ́wọ́ rẹ̀, torí ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà mìíràn, kódà lọ́wọ́ ẹni tó mọṣẹ́. Kó tó tan iná sí i, ẹ ní kó jẹ́ kí ẹ wo inú jígí. Bí ẹsẹ̀ kan bá ṣì ń tàn níbẹ̀, ẹ ní kó tún fà á lẹ́ẹ̀kan sí i.